Ọmọ Tí Ẹ Ní Kò Mọ̀wé Yìí, Èdè Wo Ni Ẹ Fi Kọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn tí n kò lè gbé mì mọ́, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé yóò bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú.

Ní gbogbo ìgbà tí èsì ìdánwò sáà kìíní bá jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́. Wọn a ní àwọn ọmọ tí JAMB ń kó wá báyìí kò mọ nǹkan kan. Wọn a ní fóònù ti jẹ wọ́n lọ́pọlọ. Wọn a ní asẹ́ ni ọdún kìíní ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ẹni tí kò bá lè kọjá lójú rẹ̀, kí ó bá pàǹtí lọ. Mo takò wọ́n. Asẹ́ tí ó bá ń da ìyẹ̀fun nù pọ̀ mọ́ pàǹtí, ojú rẹ̀ ni ó dí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì. Máàkì JAMB rẹ̀ dára, láti kékeré ni ó sì ti ń tú rédíò palẹ̀ tí ó ń tò ó padà. Nígbà tí ó délé lẹ́yìn sáà kìíní, ó ti rù. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n kúkú lọ kọ́ nǹkan mìíràn. N kò ní ọpọlọ iṣẹ́ yìí." Mo bi í pé kí ni móòlù. Ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì láìmí, bí ọmọ kéwú tí ń ka ohun tí ó wà lójú wàláà. Mo ní kí ó wí i fún mi ní èdè tí ó fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ wọhò.

Mo wá sọ fún un bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń ka owó ẹyọ. Ogójì ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹni tí ń ṣòwò ńlá kì í dárúkọ ẹyọ, ọ̀kẹ́ ni ó ń dárúkọ. Móòlù ni ọ̀kẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì. Iye tí ó wà nínú tiwọn ni 6.022 × 10²³, nítorí pé átọ̀mù kéré ju ohun tí a lè fi ọ̀kẹ́ tiwa kà lọ. Ọ̀kẹ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ kò sì lè wúwo tó ọ̀kẹ́ kan òkúta, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n. Ìdí nìyí tí móòlù kan átọ̀mù kábọ́ọ̀nù fi wọ̀n tó gíráàmù 12, tí ti ọ́síjìn sì wọ̀n tó 16. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń wí látọjọ́ yìí nìyẹn?" Kí a tó jẹun alẹ́, ó ti ṣe ìṣirò mẹ́rin nínú èyí tí ó gbé e ṣubú. (Èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, kí ni mo mọ̀ nínú kẹ́mísírì ju èyí tí mo kọ́ ní girama lọ?)

Wọn yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó. N kò sẹ́ pé agbára ni àwa ń pe ohun mẹ́ta tí físíìsì yà sọ́tọ̀: èyí tí ń ti nǹkan, èyí tí ó pamọ́ sínú nǹkan, àti bí èyí tí ó pamọ́ náà ṣe ń yára jáde sí. Ọmọ tí ó ru àpò sìmẹ́ńtì, tí ó dúró sójú kan fún wákàtí kan, ìyá rẹ̀ yóò ní ó ṣiṣẹ́. Físíìsì yóò ní kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí àpò náà. Ṣùgbọ́n ṣé ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ ni? Ọ̀rọ̀ ojà ni àwọn náà ṣà, tí wọ́n fún ní ìtumọ̀ tuntun. Newton fúnra rẹ̀, èdè Látìnì ni ó fi kọ Principia ní 1687. Ó di 1704 kí ó tó tẹ Opticks jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí a kò bá gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe mọ iṣẹ́?

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ dákun, ọmọ tí ó ṣe WAEC ní 2025 ti jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà 2022 tó dé. Báwo ni ìlànà náà ṣe jẹ̀bi?

Wọn yóò tún ní: nínú gbọ̀ngàn tí Yorùbá, Ígbò, Haúsá àti Ẹ̀dó jọ kún, èdè wo ni a ó lò? Ìbéèrè gidi nìyí. N kò ní kí a fi Yorùbá kọ́ gbogbo gbọ̀ngàn. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tí ó gbọ́ èdè wọn máa tú ẹ̀kọ́ náà palẹ̀ fún wọn. Kí olùkọ́ má sì fi ọmọ tí ó bá fi èdè rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ní yàrá ìdánrawò ṣe ẹlẹ́yà. Ìdánwò lè wà lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì ọdún kìíní ní ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, fún ọmọ tí kò tí ì mọ̀ bóyá yóò dé ọdún kejì! Kò sí ọjọ́ kan tí mo bá wọn ṣí ìwé físíìsì wọn, kí a jọ tú gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ títú gbólóhùn ni iṣẹ́ tí mo kọ́.

Fọ́ọ̀mù ìyípadà ẹ̀kọ́ wà lórí tábìlì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí mo yà wò ó lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Kò tí ì kọ nǹkan kan sí i. Ní sáà tí ń bọ̀, ìwé kẹ́mísírì àti físíìsì ni n ó gbé wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì mi. Ẹni tí inú bá bí, kí ó wá bá mi níbẹ̀.