Ẹ Bi Aṣòfin Rẹ́mọ Léèrè Owó Ìjọba Ìbílẹ̀

Ìjókòó mẹ́rin ni Rẹ́mọ ní nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn: méjì fún Ṣàgámù, ọ̀kan fún Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀kan fún Àríwá Rẹ́mọ. Láti 1999 la ti ń rán wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ bi ẹni tó ń tajà ní Sábó ní Ṣàgámù pé kí ló ti rí gbà lọ́wọ́ wọn. Yóò ní àpò ìrẹsì, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, bóyá bọ́ọ̀hóòlù kan tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Mo ń sọ ọ́ láìfọ̀tá pè pé iṣẹ́ aṣòfin kọ́ nìyẹn. Owó wa ni wọ́n fi ń ṣe wá lóore, àwa náà sì ń dọ̀bálẹ̀, à ń kúnlẹ̀, à ń dúpẹ́.

Iṣẹ́ wọn wà nínú ìwé òfin 1999, kò fara sin. Abala 162 ló ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ti Àbújá wá máa wọ àpò kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Abala yẹn kan náà ló ní òfin tí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ bá ṣe ni wọn yóò fi pín in. Abala 128 tún fún wọn lágbára láti wádìí ẹnikẹ́ni tó bá ń ná owó ìlú, kó wá ṣí ìwé rẹ̀ níwájú wọn. Nítorí náà, aṣòfin tó bá ní ọ̀rọ̀ owó Ṣàgámù tàbí ti Ìkẹ́nnẹ́ kò kan òun, irọ́ ló ń pa. Òun gan-an ló kàn jù.

Ní oṣù kẹjọ 2023, Wálé Adédayọ̀, alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, kọ lẹ́tà sí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, gómìnà Ògùn tẹ́lẹ̀. Ó ní láti ìgbà táwọn ti dórí oyè ní 2021, owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti Àbújá kò dé ọwọ́ àwọn. Ọmọ ẹgbẹ́ APC bíi tàwọn tó ń ṣèjọba ni. Ìjọba Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé owó oṣù olùkọ́ àti owó ìfẹ̀yìntì ló ń gbé owó náà mì, pé ìpínlẹ̀ tilẹ̀ ń fi kún un ni. Kí ló wá tẹ̀lé e? Àwọn káńsẹ́lọ̀ dá ọkùnrin náà dúró, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS mú un, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ nípò pátápátá.

Bó bá jẹ́ ìjọba ló jàre, ìwé owó ni ì bá dá a láre. Bó bá jẹ́ Adédayọ̀ ni, ìwé kan náà ni. Ìjọba àpapọ̀ a máa tẹ iye tó kan ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Ọ̀nà mọ́lẹ̀ láti Àbújá títí dé ẹnu ibodè Ògùn. Láti ọ́fíìsì gómìnà ní Òkè-Mọ́sàn sí Ṣàgámù ló ti ṣú. Ta ló yẹ kó tan iná sí i bí kì í bá ṣe àwọn mẹ́rin tá a rán lọ? Ìwé wo ni ìwọ tó ń gbé ní Mákùn tàbí ní Ìlíṣàn rí, tí aṣòfin rẹ fi hàn ọ́ pé báyìí lowó ṣe wọlé, báyìí ló ṣe jáde?

Ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ìbílẹ̀ kì í ṣe tuntun létí ọmọ Rẹ́mọ. Àwọn bàbá wa jà fitafita kí wọ́n lè máa ṣàkóso ìlú wọn fúnra wọn. Lábẹ́ Akárígbò Christopher Adédoyin ni wọ́n ti fi ẹ̀hónú hàn títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ìwádìí ní 1937, tí Rẹ́mọ sì gba ìjọba tirẹ̀, kúrò lábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ní 1938. Nígbà tó di 1952, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n gbé òfin kalẹ̀ pé kí aráàlú máa dìbò yan ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ wọn, dípò kí òyìnbó máa gba ẹ̀yìn ọba ṣàkóso. Ẹ kíyè sí i pé òfin yìí ṣáájú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ wọ̀nyẹn, pẹ̀lú àwọn ìjọ, ló bá ìjọba gbé ẹrù ilé ìwé ọ̀hún.

Lónìí, kò sí ẹni tó gbé ìgbálẹ̀ APC dání ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí kì í pe ara rẹ̀ ní onítẹ̀síwájú, ọmọ Awo. Wọ́n á dé fìlà Awo, wọ́n á gba Ìkẹ́nnẹ́ lọ ya fọ́tò. Ẹni tó ń jẹ orúkọ Awo, tó sì panu mọ́ nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀ gómìnà, olè orúkọ ni.

Wọ́n á ní agbára gómìnà pọ̀ jù, pé aṣòfin kò lè ta kò ó. Ṣé wọ́n ti gbàgbé 2010 ni? Ọmọ Ṣàgámù ni gómìnà nígbà náà, Gbénga Daniel ti ẹgbẹ́ PDP. Aṣòfin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ̀ jálẹ̀ lórí owó ńlá tí ìjọba fẹ́ yá. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn díẹ̀ nínú ilé ní àwọn ti yọ abẹnugan, àwọn sì ti dá àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró; ọlọ́pàá wá ti ilé ìgbìmọ̀ pa. N kò ní pe àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ẹni mímọ́, nítorí òṣèlú wà nínú ọ̀rọ̀ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀, ọ̀run ò sì ya. Ní 23 oṣù kìíní 2024 pẹ̀lú, kíá ni àwọn aṣòfin yọ abẹnugan wọn, Ọlákúnlé Olúọmọ. Ara wọn yá gágá nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àga tiwọn.

Àwọn kan á tún ní bí owó bá dé ọwọ́ alága ìbílẹ̀ tààrà, jíjẹ ni wọn yóò jẹ ẹ́. Bóyá ni kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n alága tó jalè ní Ìkẹ́nnẹ́, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ìyá rẹ̀, a lè lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ta ni yóò bá ti Òkè-Mọ́sàn lẹ́nu ọ̀nà? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dá a ní 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ògùn, APC sì kó gbogbo ipò alága, ogún ni, ogún náà ni wọ́n kó, pẹ̀lú káńsẹ́lọ̀ 236, láìku ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ mìíràn. Alága tó bá tọ́wọ́ gómìnà débẹ̀ lọ́nà báyìí kò ní béèrè owó lọ́wọ́ gómìnà láéláé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọrùn aṣòfin ni ẹrù náà wà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kì í gbàgbé láti gbowó lọ́wọ́ aláìní. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, agbowó tíkẹ́ẹ̀tì ti dúró síbi tí àwọn ọlọ́kadà ń gbà kọjá. Ìyá tó gbé igbá ata kalẹ̀ náà ti sanwó kó tó rí oníbàárà àkọ́kọ́. Òfin ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà, ibùdókọ̀, ilẹ̀ gbígbá àti ojú ọ̀nà àdúgbò. Ṣùgbọ́n níbo lowó náà ń lọ? Mo ti dé ilé ìwòsàn alábọ́dé kan lágbègbè wa tí aboyún ti ń ra ìbọ̀wọ́ àti òwú fúnra rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kàn án. Kò sí iná, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí lóru. Ní pápá ilé ìwé tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n to ẹ̀rọ ìránṣọ sí ìlà fún ètò ìrónilágbára, wọ́n lẹ àwòrán ọ́nọ́rébù mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé ara páálí. Owó àwòrán yẹn nìkan ì bá ra ìbọ̀wọ́ tó pọ̀.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀, wọn yóò sì tún wá. Kí ẹni tó bá fẹ́ ìbò wa ní Rẹ́mọ mú ìwé wá, kó kà á níwájú ọjà: iye tó wọlé fún Ṣàgámù, fún Ìkẹ́nnẹ́, fún Àríwá Rẹ́mọ, láti ọdún tó ti wà nípò, iye tí ìpínlẹ̀ yọ níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe, ọjọ́ tí òun dìde nílé ìgbìmọ̀ béèrè, àti èsì tí wọ́n fún un. Bí kò bá rí nǹkan kan kà, kó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ padà.