Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò àti Ọ̀rọ̀ "Yóò Kọjá"

Ẹ̀yin jàmáà wa ní Ìpókíà, àti ẹ̀yin oníṣòwò ẹnubodè, bí ìyọnu bá dé bá ẹnìkejì wa, ọ̀rọ̀ tí ó yá wa lẹ́nu ni "Yóò kọjá." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ bí a ti í lo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa mọ́ ọjà. Ẹni tí ó ń lọ sí Àjàṣẹ́ lówùúrọ̀, tí ó sì ń padà wá jẹun alẹ́ nílé, di ẹni tí ń jókòó sí ìsọ̀ òfìfo. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún pàṣẹ pé kí a má gbé epo bẹntiróò wá sí ilé epo tí ó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ọlọ́kadà jókòó, ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ dákẹ́. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti mẹ́ta mìíràn. Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, ọjọ́ náà le ju ọjọ́ tí wọ́n tì í lọ. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni tiwa tó ṣí.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ilé-kéwú ni mo jẹ́ ní ọdún 1984 tí wọ́n tì í, ó sì di 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn àgbà ní ayé ti parí. Kò parí. Ọ̀gágun Buhari tí ìjọba rẹ̀ tì í lẹ́ẹ̀mejèèjì náà ti jáde láyé ní oṣù keje ọdún 2025, kí Ọlọ́run dárí jì í.

Àṣìṣe wa ni pé ìnira nìkan ni a ń sọ fún pé yóò kọjá, a kì í sọ ọ́ fún ìdẹ̀ra. Nínú Súrà Hadíìd, Ọlọ́run kìlọ̀ fún wa nípa méjèèjì: kí a má banú jẹ́ jù nítorí ohun tó bọ́, kí a má sì ṣe fáàrí nítorí ohun tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ nígbà tí ọ̀nà là, tí kò kó gbogbo owó rẹ̀ sórí ẹrù kan, kò dákú nígbà tí wọ́n tì í.

Ẹni tí ó ti ká mọ́ ńkọ́? Kí ó mú òní nìkan. Gbèsè oṣù tí ń bọ̀ kò tí ì dé. Ìrun Àsùbáà òní ni ó dé. Bí àyà rẹ̀ bá ń já lóru, kí ó ṣe àlùwàlá, kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Ìbẹ̀rù a máa ru, a sì máa rọlẹ̀, bí omi odò Yewa. Ẹni tí kò bá sá fún un yóò rí i bí ó ti ń lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó lọ bá ẹni tí ó jẹ lówó, kí ó sọ òtítọ́, kí ó tọrọ ọjọ́.

Ẹ̀yin tí a jẹ lówó, Àlùkùránì pa á láṣẹ pé kí ẹ fún onígbèsè tí kò ní lọ́wọ́ ní àyè títí ara yóò fi dẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó sé ìrẹsì mọ́ yàrá kí ó lè wọ́n, tí ó wá ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé yóò kọjá, ẹ̀sín ni ó ń ṣe.

Àwa àlùfáà náà kò mọ́. A ṣe wàásù sùúrù ní ọ̀pọ̀ Jímọ̀ nígbà náà. Ìwọ̀nba wa ni ó béèrè ilé tí a kò ti dáná.