Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé ‘ọmọ Àkúrẹ́’ lọ sókè padà wálẹ̀, ó tún fẹsẹ̀ dúró!

Ọ̀pọ̀ èèyàn l’Àkúrẹ́ ló rántí pé FUTA ní sátẹ́láìtì tó lọ sójú ọ̀run lọ́dún 2017. NigeriaEduSat-1 lorúkọ ẹ̀. Kékeré ni o, sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni ìbú àti òró rẹ̀. Yunifásítì Kyutech ní Jàpáánì ni wọ́n ti kàn án pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni bẹbẹ tí ọkọ̀ tó gbé e lọ ṣe.

Ọjọ́ Sátidé, 3 oṣù kẹfà, ni. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó gbéra, mànàmáná ni kò jẹ́. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ l’Àkúrẹ́ nígbà tí Falcon 9 ti SpaceX gbéra ní Florida. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà fi já kúrò lára orí. Orí ń bá tiẹ̀ lọ, ìdí yíjú padà, ó forí lé ilé. Nígbà tó máa fi tó bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó ti na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dúró ṣánṣán. Kò sì sẹ́ni tó wà nínú ẹ̀ o!

Báwo ló ṣe ṣe é? Ẹ gbé ọmọ odó dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ yín wò. Tó bá tẹ̀ sósì, ọwọ́ á sáré tẹ̀ lé e. Ojú ń wò, ọpọlọ ń ṣírò, ọwọ́ ń tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà inú rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣírò ibi tó wà àti bó ṣe ń sáré tó, táá sì máa darí ẹnu ẹ́ńjìnnì tí iná ti ń jáde.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó fi ń balẹ̀ lágbára ju ìwúwo rẹ̀ lọ, torí epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tó bá tètè tan iná, òkè ló tún máa gbà lọ. Tó bá pẹ́ ju, ó fọ́ yángá nìyẹn! SpaceX gan-an fọ́ mélòó kan kó tó bọ́ sí i lóṣù kejìlá ọdún 2015.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ́ irú ẹ̀ kò nílò epo rọ́kẹ́ẹ̀tì láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi fáànù fò, tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀, tó láti kọ́ ìjánu. Ìmọ̀ kan náà ló wà nínú dúróònù tó ń fọ́n oògùn sóko.

Sátẹ́láìtì FUTA ti jóná lófurufú lọ́dún 2019, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí. Àwọn tó máa ṣe òmíràn ṣì wà nílé. Nítorí náà, bàbá tí ọmọ ẹ̀ bá tú rédíò ilé palẹ̀, kó rọra mú pàṣán o!