Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó fẹ́ kọ́ kí sáà tó wọlé

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ọmọ yóò lọ kọ́ ní yunifásítì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílé Yorùbá. Kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde láti Bwari ni ẹbí ti ń jókòó lé e lórí: bàbá ní Lọ́ọ̀ ni, ìyá ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni, àbúrò ìyá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kọ̀ǹpútà ló lówó lórí. Àmọ́ tí ọmọ náà bá ti wọlé tán, tó wá di pé kó yan kọ́ọ̀sì tí yóò ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó tún ń bi í léèrè mọ́. Ilé ìwé pàápàá kì í bi í. Yóò ṣí ojú òpó wọn lórí fóònù, yóò bá orúkọ kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti tò dè é, yóò fàmì sí gbogbo rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀gá ẹ̀ka yóò buwọ́ lù ú, ó parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára ju bí a ṣe rò lọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan dá lé lórí, ẹni tí yóò kọ́ ọ àti àsìkò rẹ̀, kí sáà tuntun tó wọlé, kí àyè tòótọ́ sì wà fún un láti fọwọ́ ara rẹ̀ yan díẹ̀ nínú wọn.

Kì í ṣe òfin ló ní kó rí báyìí. Àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Maitama níbí l'Ábújá, fi àyè sílẹ̀ nínú ìlànà wọn: iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dín ní yúnìtì 15 ní sẹ̀mẹ́sítà kan, kò sì gbọdọ̀ ju 24 lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, lásìkò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Abubakar Adamu Rasheed ń darí wọn, àjọ náà fúnra rẹ̀ ló ṣètò ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì fi ìpín 30 sọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan pé kó fi ṣe ohun tó bá àyíká àti èrò tirẹ̀ mu. Ìpín 30 yìí ni ojú mi wà lára rẹ̀. Yunifásítì tó bá kó kọ́ọ̀sì kàńńpá mìíràn kún un ti gba àyè lọ́wọ́ NUC, kò sì jẹ́ kó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ń ṣe kọ́ọ̀sì gbogbogbò kan náà tí wọ́n ń pè ní GST, láti orí lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì dé orí àlàáfíà àti yíyanjú aáwọ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìdásílẹ̀ okòwò. Ibo wá ni ọmọ tó ní ẹ̀bùn tó yàtọ̀ yóò ti lò ó?

Ọ̀nà tí NUC fúnra wọn gbà láti fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè ni pé wọ́n pín àwọn ẹ̀ka ńlá sí kéékèèké. Mass Communication di oyè méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: iṣẹ́ ìròyìn lọ́tọ̀, ìpolówó ọjà lọ́tọ̀, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ́tọ̀, fíìmù lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò rere ni, nítorí iṣẹ́ náà ti fẹjú. Àmọ́ ẹ wo ọmọ ọdún 17 tó ń kọ orúkọ ẹ̀kọ́ sínú fọ́ọ̀mù JAMB: ó ní láti yàn láàárín ìwé ìròyìn àti rédíò nígbà tí kò tíì fọwọ́ kan gbohùngbohùn rí láyé rẹ̀. Tó bá wá rí i ní ọdún kejì pé fíìmù lọkàn òun fẹ́, àfi kó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn, ìyẹn sì lè jẹ ọdún kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀ka kan ṣoṣo tí kọ́ọ̀sì àṣàyàn rẹ̀ pọ̀ ì bá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ yóò wọlé, yóò tọ́ gbogbo rẹ̀ wò ní ọdún àkọ́kọ́, yóò wá máa fi ohun tó ń yàn ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan la ọ̀nà tirẹ̀.

Ti àsìkò àti owó ọkọ̀ tún wà ńbẹ̀, l'Ábújá pàápàá. Yunifásítì Àbújá, tí ìjọba kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé yóò máa jẹ́ orúkọ Yakubu Gowon, wà ní Giri lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Nyanya tàbí Mararaba lọ síbẹ̀ yóò la ìlú já nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ òwúrọ̀ kó tó lè bá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aago mẹ́jọ. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìrìn yẹn ti di ohun tí òbí ń ṣírò lálẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ká ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ kí ìsinmi tó parí pé kọ́ọ̀sì àṣàyàn kan bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí èkejì sì bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí yóò ti wà nílé ìwé tẹ́lẹ̀, ó máa mọ èyí tó máa mú. Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ kí táímù-tébù jáde lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀. Èsì ìdánwò sáà tó kọjá náà kì í yá. Ọmọ á forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tó gùn lé òmíràn láì tíì mọ̀ bóyá ó yege nínú ti ìṣáájú. Nígbà tí èsì bá dé tó sì jẹ́ kárí-ófà, ó ti há sí àárín méjì. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tó gba oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022 tún dá kún un, nítorí lẹ́yìn rẹ̀, sáà kan kò tíì kúrò nílẹ̀ tí òmíràn fi ń wọlé.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó wo NOUN, yunifásítì ẹ̀kọ́ àtòkèèrè tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi l'Ábújá. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1983, ìjọba ológun tì í pa lọ́dún 1984, ìjọba Ọbásanjọ́ ló wá jí i padà. Níbẹ̀, ìwé kọ́ọ̀sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè kà á kó tó forúkọ sílẹ̀. Iye kọ́ọ̀sì tí èèyàn bá mú ló ń sanwó fún. Tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn ní sáà kan, á dín in kù. NOUN ní ìṣòro tirẹ̀, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lè mọ ohun tó ń rà.

Àtakò tó lágbára jù ni pé àwọn ọmọ yóò máa sá tọ kọ́ọ̀sì tó rọrùn, níbi tí olùkọ́ ti ń pín máàkì. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Charles Eliot di olórí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1869, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí kọ́ọ̀sì kàńńpá tán pátápátá, ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn án gan-an nìyí. Abbott Lawrence Lowell tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1909 kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà sí kàńńpá. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kan dójú àmì, kó sì mú nínú ìyókù láti oríṣìíríṣìí ẹ̀ka. Àwa náà ní olùdámọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ẹ̀ka, ìbuwọ́lùwé lásán la sọ iṣẹ́ wọn dà. Àwọn mìíràn á ní olùkọ́ kò tó. Kò tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dá kọ́ọ̀sì tuntun sílẹ̀. Kọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀; ilẹ̀kùn ẹ̀ka ló wà ní títì. Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ẹran, tó mọ̀ pé àárín àwọn darandaran lòun yóò ti ṣiṣẹ́, kí ló dé tí kò lè ṣe kọ́ọ̀sì kan nínú èdè Haúsá, kí wọ́n sì kà á mọ́ yúnìtì tí yóò fi gboyè? Ìṣègùn, Lọ́ọ̀ àti iṣẹ́ ẹnjiníà ní ìgbìmọ̀ tó ń darí wọn, àyè tiwọn yóò kéré. Kọ́ọ̀sì kan péré lọ́dún sàn ju òfo lọ.

NUC ló lè mú kó yá. Tí wọ́n bá wá yẹ ẹ̀ka kan wò láti fún un ní ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún, wọ́n máa ń ka olùkọ́, wọ́n ń wo ilé ìkàwé àti yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Kí wọ́n fi èyí kún un: kí ẹ̀ka fi ojú ewé kan hàn fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, tó sọ ohun tí wọn yóò kọ́, ìwé tí wọn yóò kà, bí máàkì yóò ṣe pín láàárín iṣẹ́ àárín sáà àti ìdánwò, àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e síta. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n gé máàkì. Kí wọ́n sì pe akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta mélòó kan jókòó, láìsí ọ̀gá ẹ̀ka nítòsí, kí wọ́n bi wọ́n pé kí wọ́n dárúkọ kọ́ọ̀sì kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn, àti ìdí tí wọ́n fi yàn án.