Ẹ Má Fòfin De Mọ́tò Àyálò ní Èbúté



Òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn yín ní kí èrò ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ má ṣe yá mọ́tò wà fúnra rẹ̀ ní èbúté kankan. Àsọdùn nìyẹn.

Ẹ wo Barbados. Gbogbo gígùn erékùṣù náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 34 lọ, apá òsì títì ni wọ́n sì ń gbà bíi ti ìlú Ọba, kò lè ṣòro fún àwa ará Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ tó ń yáni ní mọ́tò ló máa ń bá àlejò ṣe ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Láti Bridgetown, ẹ ó wakọ̀ dé Bathsheba, ẹ ó wo ìgbì Àtìláńtíìkì tó ń lu àpáta, ẹ ó jẹ ẹja dídín, kò sì sí ẹni tí yóò máa pariwo lé yín lórí pé àkókò ti tó.

Civitavecchia, èbúté àwọn tó ń lọ sí Róòmù, yàtọ̀, mo gbà. Ó jìnnà sí Róòmù tó kìlómítà 70, kámẹ́rà sì ń ṣọ́ àwọn òpópónà àárín Róòmù tí àlejò kò gbọdọ̀ wakọ̀ wọ̀. Owó ìtanràn á tẹ̀lé yín délé! Rélùwéè ni kí ẹ wọ̀ níbẹ̀.

Aago ló yẹ kí òǹkọ̀wé yín tẹnu mọ́. Bí bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ òkun ṣètò bá pẹ́, wọ́n sábà máa ń dúró dè é. Wọn kì í dúró de ẹni tó dá lọ. Aago inú ọkọ̀ òkun sì lè yàtọ̀ sí ti ìlú.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù