Ìṣèjọba tàbí Àjùmọ̀ṣàkóso Íntánẹ́ẹ̀tì?

Atúmọ̀-èdè tí ó bá pe ètò àti òfin íntánẹ́ẹ̀tì ní ‘ìṣèjọba íntánẹ́ẹ̀tì’ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ sóde. Oríkì tí àpérò àgbáyé fẹnu kò lé lórí ní ìlú Tunis ní 2005 ka ìjọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú pọ̀ mọ́ ọn. Twitter ni àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà fi tako SARS ní 2020. Nígbà tí ìjọba tì í pa ní oṣù kẹfà 2021, ìṣèjọba gan-an nìyẹn. Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ ní 2022 pé kò bófin mu. ‘Àjùmọ̀ṣàkóso’ ni ó yẹ. Ó gùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ‘jùmọ̀’ inú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun.