Ẹ Dá Asẹ́ Balùwẹ̀ Yín Padà

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin onílé, ẹ dìde báyìí, ẹ wọ balùwẹ̀ yín. Ẹ wo ilẹ̀. Ṣé asẹ́ ṣì wà lójú ihò tí omi ń gbà lọ? Àbí ihò gbayawu ló kù, tí ẹnìkan fi òkúta dí?

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Omi kọ̀, kò lọ. Ẹni tó ń wẹ̀ ń kánjú ibi iṣẹ́, omi sì ti mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ló bá yọ asẹ́, ó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Omi lọ ṣọ̀ọ̀. Inú gbogbo ilé dùn, kò sì sẹ́ni tó dá a padà. Láti ọjọ́ náà ni irun, ègé ọṣẹ, ọ̀rá ọṣẹ ìfọṣọ àti bíléèdì ìfárí ti ń rọ́ wọ inú páìpù. Asẹ́ kọ́ ló ń dí omi lọ́wọ́. Ìdọ̀tí tó wà lórí rẹ̀ ni. Ẹ lé ọlọ́dẹ lọ, ẹ fi olè sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Kò dé ọ̀dọ̀ pọ́lọ́mbà.

Ẹ wo irú asẹ́ tí ẹ ní. Òmíràn kàn jókòó lásán ni: ẹ ki ẹnu súkúdíráfà bọ etí rẹ̀, ẹ gbé e, á dìde. Òmíràn ní súkúrúù 2. Ẹ fi aṣọ nu orí wọn, kí ẹ fi súkúdíráfà tó bá ojú wọn mu tú wọn sí ọwọ́ òsì. Bí wọ́n bá ti dípẹtà, ẹ má fi agídí yí wọn. Orí wọn á jẹ, wàhálà á di méjì. Ẹ kán kẹrosíìnì sí wọn, kí ẹ lọ jẹun ná. Èyí tí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ọ̀bẹ ògbólógbòó ni kí ẹ fi ha etí rẹ̀ yípo, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé òòlù sí i. Táìlì á là, onílé á sì gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Asẹ́ ti kúrò? Ẹ wo inú ihò, ẹ má ṣojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdì dúdú kan ló wà níbẹ̀, tó ń yọ̀, tó ń rùn. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ tẹ orí wáyà kó kọ́, kí ẹ fi fa ìdì náà jáde. Bí ẹ bá tú u wò, irun àtáṣímẹ́ǹtì ló pọ̀ jù níbẹ̀, fọ́nrán kànìnkànìn ló so ó pọ̀, ọṣẹ ló sì lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Fífà ni o, ẹ má tì í. Èyí tí ẹ bá tì wọlé á lọ há síbi tí páìpù ti tẹ̀, níbi tí ọwọ́ yín kò lè dé. Ẹ di ìdọ̀tí náà sínú ọ̀rá, kó bá pàǹtí ilé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe inú gọ́tà.

Kí ẹ wá da omi gbígbóná sí i. Kì í ṣe omi tó ń hó o: páìpù oníke lè rọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ sì lè tú.

Èyí tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí, mi ò fi ṣeré. Ẹ má ṣe da ásíìdì àti bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun pọ̀ sínú ihò yẹn láé. Afẹ́fẹ́ olóró ló ń tinú wọn jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ sì mọ bí fèrèsé balùwẹ̀ wa ṣe mọ.

Ó wá ku asẹ́ tuntun. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Bó bá ti sọnù, ẹ fi okùn wọn ẹnu ihò, kí ẹ mú okùn náà lọ. Ẹni tó ń tà á lè sáré na èyí tó jẹ́ íǹṣì 4 sí yín, torí òun ló wọ́pọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Irin lásán á dípẹtà. Èyí tí kì í dípẹtà wọ́n díẹ̀, àmọ́ ó tọ́jọ́. Bí owó ò bá tó, ẹ ra oníke. Ó sàn ju òkúta lọ.

Bí ẹ bá délé, ẹ fi gírísì pa súkúrúù kí ẹ tó dè é, kó má baà fa ìjà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u. Ẹ má dè é pa. Bó bá jẹ́ ti sìmẹ́ńtì funfun, férémù nìkan ni kí ẹ lẹ̀. Àwọn bíríkìlà kan a máa lẹ asẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣí i fọ̀? Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju táìlì lọ díẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Bí ẹ bá rìnrìn àjò tí balùwẹ̀ ń rùn nígbà tí ẹ dé, asẹ́ kọ́ o. Omi tó máa ń dúró níbi tí páìpù ti tẹ̀ ló ti gbẹ; òun ló ń dí òórùn àti aáyán lọ́nà. Ẹ da omi abọ́ kan sí i.

A máa ń gbálẹ̀, a máa ń kó gọ́tà ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ó dáa. Ta ló ń ṣí asẹ́ balùwẹ̀? Omi ìdọ̀tí tó dúró lójú kan ni ẹfọn Culex fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Ẹ má dúró de wolé-wolé. Ẹ má sì sọ pé iṣẹ́ lanlọ́ọ̀dù ni. Ẹ jẹ́ kí lanlọ́ọ̀dù gbájú mọ́ òrùlé tó ń jò.

Níbi tí ẹ ti ń pín balùwẹ̀ lò, ẹni tó bá fọ irun ni kó ṣa irun orí asẹ́ kó tó jáde. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún bàbá wọn náà.

Àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú asẹ́ àtijọ́ yẹn, ẹ jáde. Bí sìmẹ́ńtì funfun bá ṣẹ́ kù, ẹ má dà á nù. Ẹ kanlẹ̀kùn ìyá àgbà tó wà nílé kejì, kí ẹ bá wọn lẹ tiwọn náà.